ÌBỌN ÀTIJỌ́ ÀTI ỌKÀN ỌDẸ: Ohun tí àwọn baba wa rí lára ṣakabùlà

  

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lè ya àwọn kan lẹ́nu. Nílùú Maiduguri níbí, tí ìró ìbọn ti ń da oorun wa rú láti oṣù Keje ọdún 2009, ta ló tún fẹ́ gbọ́ ìtàn ìbọn? Àwọn àgbà ní, ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ kí a kọ ọ́ sí òun? Ẹni tí ó bá bẹ̀rù ìbọn kì í ṣe ojo. Ọlọ́gbọ́n ni.

Síbẹ̀, nítorí ìbẹ̀rù yìí gan-an ni ó ṣe yẹ kí a sọ ìtàn náà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti ìdílé ọdẹ wá. Bí a bá lọ sílé fún ọdún, ní Ọ̀yọ́, ní Ìsẹ́yìn, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ọ̀fà tàbí ní Èkìtì, àwọn ọmọ wa a máa rí ìbọn gígùn kan tí ó fara ti ògiri nínú yàrá bàbá àgbà. Irin rẹ̀ ti dúdú. Igi ìdí rẹ̀ ń dán nítorí ọwọ́ tí ó ti ń gbé e láti ìran dé ìran. Ọmọ tí ó dàgbà sí Maiduguri, tí ó jẹ́ pé ìbọn sójà ni ojú rẹ̀ mọ̀, yóò béèrè pé, “Bàbá, kí ni ó dára lára èyí?” Ìbéèrè gidi ni. Ìbọn tí ó ń yin ẹyọ kan ṣoṣo, tí ó ń rú èéfín bí ààrò, tí òjò lè sọ di igi lásán, kí ni àwọn baba wa rí lára rẹ̀ tí wọn kò fi jọ̀wọ́ rẹ̀ nígbà tí ìbọn tí ó lágbára jù ú lọ dé?

Èsì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fún ọmọ ni ìtàn oògùn. Èmi yóò fún un ní ìtàn ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Ọ̀NÀ AṢÁLẸ̀ ÀTI Ọ̀NÀ ÒKUN

Ọ̀nà méjì ni ìbọn gbà wọ ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Ó yẹ kí àwa tí a ń jẹ iyọ̀ Borno mọ̀ pé ọ̀nà aṣálẹ̀ wà lára èyí tí ó kọ́kọ́ lókìkí. Ní apá ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún, Mai Idris Alooma tí ó jẹ ọba Borno ní àwọn ayìnbọn tí wọ́n jẹ́ ará Túrkì nínú ogun rẹ̀, ó sì mú kí wọ́n kọ́ àwọn ẹrú ààfin ní ìbọn yíyìn. Àlùfáà rẹ̀, Ahmad ibn Furtu, kọ ìtàn àwọn ogun náà sílẹ̀ ní èdè Lárúbáwá, ìwé rẹ̀ ni ó sì jẹ́ kí a mọ̀ bẹ́ẹ̀ títí di òní. Ọ̀nà tí ó la aṣálẹ̀ kọjá lọ sí Tripoli ló so Borno pọ̀ mọ́ àwọn ará Túrkì. Àní bindiga tí àwọn Hausa ń pe ìbọn, láti inú èdè Lárúbáwá ni ó ti wá.

Ọ̀nà òkun ló gbé ti Yorùbá wá ní tirẹ̀. “Dane gun” ni Òyìnbó ń pe ṣakabùlà, ìyẹn ìbọn àwọn ará Dẹ́nmárkì. Àlàyé tí ó wọ́pọ̀ ni pé àwọn oníṣòwò Dẹ́nmárkì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ń tà á ní etíkun wa. Ilé olódi wọn, Christiansborg, ṣì wà ní Accra. Ọdún 1850 ni wọ́n ta gbogbo ohun tí wọ́n ní níbẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ará Swídìn tí wọ́n jẹ́ aládùúgbò wọn náà dé etíkun yẹn. Ọdún 1649 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ òwò wọn fún Áfíríkà sílẹ̀, àwọn ló sì kọ́kọ́ kọ́ Carolusborg, ilé olódi tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí sí Cape Coast Castle ní ilẹ̀ Gáánà. Wọn kò pẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n irin Swídìn pẹ́ níbẹ̀ ju àwọn fúnra wọn lọ. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, ọ̀pá irin láti Swídìn wà lára ẹrù tí ọkọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń kó wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn alágbẹ̀dẹ wa sì ń rọ ọ́ di ọkọ́ àti àdá. Ìlú Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìbọn tí wọ́n ń kó wá nígbà náà, àmọ́ orúkọ Dẹ́nmárkì ti lẹ̀ mọ́ ọn.

Kí a má fi oyin pa ìtàn lẹ́nu. Púpọ̀ nínú àwọn ìbọn wọ̀nyí, ènìyàn ni a fi rà wọ́n. Ìlú kan ń fẹ́ ìbọn kí ẹlòmíràn má baà kó o lẹ́rú, ìlú kejì ń kó ènìyàn lẹ́rú kí ó lè rí ìbọn rà. Ẹni tí ó bá fẹ́ yin ìbọn àtijọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ èyí. Ìbọn tí ó wà lára ògiri wa kò bá ìwà mímọ́ wá sáyé. Àwọn ọdẹ ni wọ́n wẹ̀ ẹ́ mọ́, bí a óò ṣe rí i níwájú.

KÍRÌJÌ, DIKWA ÀTI ÌWÉ BRUSSELS

Àwọn kan lè rò pé ṣakabùlà wà lọ́wọ́ àwọn baba wa nítorí pé wọn kò mọ ìbọn mìíràn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1877 ni ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀, Ìbàdàn ní apá kan, Èkìtìparapọ̀ tí Ìjẹ̀ṣà wà nínú rẹ̀ ní apá kejì. Ìró ìbọn ni wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ. Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò Látòósà ló ṣíwájú Ìbàdàn, Ògèdèǹgbé ará Iléṣà ló wá di ọ̀gágun Èkìtìparapọ̀. Ìbàdàn ní ọmọ ogun púpọ̀, wọ́n sì ní ṣakabùlà lọ́pọ̀ yanturu. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń gbé Èkó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n dáwó jọ, wọ́n sì ra ìbọn Snider ránṣẹ́ sílé.

Ìyàtọ̀ wọn pọ̀. Ẹnu ni a ti ń ki ṣakabùlà. Ẹ̀yìn ni a ti ń ki Snider, ọta rẹ̀ àti ẹ̀tù rẹ̀ sì wà pa pọ̀ nínú ìdì kan ṣoṣo. Kí oníṣakabùlà tó ki ẹyọ kan, oníSnider ti yin mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọta rẹ̀ a sì rin ìrìn tí ti ṣakabùlà kò lè rìn. Ogun Ìbàdàn tí ó ti ń gba ìlú kiri kò lè súnmọ́ ọ̀tá mọ́. Látòósà kú sí ibùdó ogun ní 1885. Ní 23 oṣù Kẹsàn-án 1886 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà, ṣùgbọ́n 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká tán. Samuel Johnson tí ó jẹ́ oníṣẹ́ àlàáfíà láàárín wọn kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921.

Ní ọdún 1893 yẹn kan náà, ohun tí ó jọ èyí ń ṣẹlẹ̀ níbi tí a wà yìí. Rabih, jagunjagun tí ó ti apá Súdáánì wá, wọ Borno. Ó fọ́ Kukawa, ó sì fi Dikwa ṣe olú ìlú rẹ̀. Ẹlẹ́ṣin ni agbára Borno wà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun Rabih ti kọ́ ìbọn yíyìn dáadáa. Ọdún méje ni ó fi jọba lórí ilẹ̀ náà kí àwọn Faransé tó pa á ní Kousseri ní 22 oṣù Kẹrin 1900. Nígbà tí ó di 1907, Shehu Bukar Garbai fi Yerwa tí a ń pè ní Maiduguri ṣe ibùjókòó. Nítorí náà, inú àwókù tí ìbọn fà ni ìlú tí a ń gbé yìí ti jáde wá.

Gbogbo ọdẹ tí ó ní ojú ló wá mọ̀ pé ìbọn mìíràn wà tí ó ju ṣakabùlà lọ. Kí ló dé tí kò fi tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́? Ìdí kan ni òfin Òyìnbó. Ní 2 oṣù Keje 1890, àwọn ìjọba Yúróòpù pẹ̀lú àwọn mìíràn fọwọ́ sí ìwé kan ní Brussels. Wọ́n ní òwò ẹrú ni àwọn fẹ́ pa run. Lára ohun tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni pé kí a má ṣe máa kó ìbọn ìgbàlódé wọ apá tí ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ Áfíríkà. Ìbọn olókùúta ìṣáná àti ẹ̀tù lásán ni wọ́n gbà kí a máa tà fún aláwọ̀ dúdú. Ìjọba amúnisìn wá fi gbígba ìwé àṣẹ kún un. Bí a bá ní kí a sọ òótọ́, àwọn ẹlòmíràn ló yan àìlágbára fún àwọn baba wa.

Òfin lè jẹ́ kí ènìyàn ní ohun kan lọ́wọ́, ṣùgbọ́n òfin kò lè jẹ́ kí ó fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn baba wa sì fẹ́ràn ṣakabùlà. Ohun mẹ́rin ni mo rí tí ó fà á.

OHUN MẸ́RIN TÍ Ó WU ỌDẸ

Èkíní ni sùúrù. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ki í. Ọdẹ a da ẹ̀tù láti inú àdó sí ẹnu ìbọn ní ìwọ̀n tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀. A fi èérún aṣọ tàbí èèpo igi gbígbẹ tẹ̀ lé e, a sì fi ọ̀pá gún un wọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọta, lẹ́yìn náà ni ìdí mìíràn, kí ọta má baà yí jáde. Bí ó bá fa apátí, òkúta ìṣáná a kọlu irin, iná a ṣẹ́, ìbọn a ró. Èéfín a bo gbogbo ojú ibẹ̀. Bí ó bá tàsé, ẹran ti lọ, tàbí kí ẹran ti yíjú padà sí i. Ẹ̀ẹ̀mejì kò sí níbẹ̀. Nítorí bẹ́ẹ̀, gbogbo iṣẹ́ ọdẹ ni ó ti parí kí ìbọn tó ró. Ó ti gbọ́dọ̀ mọ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, ó ti gbọ́dọ̀ ka ojú ẹsẹ̀ ẹran lórí ìrì, ó sì ti gbọ́dọ̀ súnmọ́ ọn débi tí ẹ̀mí rẹ̀ fúnra rẹ̀ wà nínú ewu. Àwọn àgbà ní, bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tí ó ro ìyà, bí ó bá pa ẹran kò ní fún ẹnìkan jẹ. Ìbọn tí ó yára kì í jẹ́ kí ènìyàn ro ìṣẹ́ àti ìyà yẹn.

Èkejì ni àtúnṣe. Ṣakabùlà kò ní ohun kan lára tí alágbẹ̀dẹ ilé wa kò lè rọ. Bí apátí bá ṣẹ́, a óò gbé e lọ sí àgbẹ̀dẹ. Bí igi rẹ̀ bá là, gbẹ́nàgbẹ́nà wà. Àwọn alágbẹ̀dẹ Awka ní ilẹ̀ Ìgbò gbajúmọ̀ fún ìbọn rírọ, àwọn ti ilẹ̀ Yorùbá náà kò kẹ̀rẹ̀, àní wọ́n ń fi páìpù omi ṣe ọ̀pá rẹ̀. Ìbọn ilẹ̀ òkèèrè ń retí ọta láti òkèèrè. Ọjọ́ tí ọkọ̀ ojú omi kò bá dé, ó di ọ̀pá ìtilẹ̀. Ẹni tí ó ní ṣakabùlà kò fi orí ara rẹ̀ sí abẹ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀kẹta ni orúkọ. Ìbọn tí ó lè gba àtúnṣe ni ó lè pẹ́, èyí tí ó bá sì pẹ́ ni ó lè di ogún. Ìbọn a máa ti ọwọ́ bàbá bọ́ sí ọwọ́ ọmọ, a sì máa gbé ìtàn ẹni tí ó lò ó kẹ́yìn dání. Bí ọdẹ bá kú, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a ṣe ìṣípà ọdẹ fún un. Wọ́n a kó nínú ohun èlò rẹ̀ lọ sínú igbó, wọ́n a sì sun ìrèmọ̀jé láti fi ṣe ìdágbére, nítorí pé ẹni tí ó jẹ́ ọdẹ nígbà ayé rẹ̀ kò gbọdọ̀ lọ bí ẹni tí kò níṣẹ́. Inú ìjálá ni a ti ń gbọ́ oríkì àwọn ọdẹ tí ó ti kọjá lọ àti ti ẹran tí wọ́n pa. Nígbà tí D. O. Fágúnwà sì máa kọ ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1938, ọdẹ ni ó fi ṣe akọni ibẹ̀. Kò ṣèèṣì. Ọdẹ ni ẹni tí ìlú ń rán lọ síbi tí ẹlòmíràn kò lè dé, tí ó sì gbọ́dọ̀ padà wá ròyìn.

Ẹ̀kẹrin, tí ó jẹ́ olórí gbogbo wọn, ni ìmùlẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé irin ti bá Ògún dá májẹ̀mú. Lónìí, púpọ̀ nínú wa jẹ́ Mùsùlùmí tàbí Kìrìsìtẹ́nì, mi ò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni lọ bọ ohun tí kò gbà gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí májẹ̀mú náà ń ṣe. Ọdẹ kò gbọdọ̀ jalè. Kò gbọdọ̀ fẹ́ ìyàwó ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Kò gbọdọ̀ da ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Kò gbọdọ̀ kọ ẹnu ìbọn sí ènìyàn nítorí eré. Olúọdẹ ni olórí wọn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ni abẹ gé. Ẹni tí ó bá rú òfin yóò rí ìjà irin. Títí di òní, àwọn kan ṣì ń fi irin búra ní kóòtù ìbílẹ̀. Ohun tí mo pè ní wíwẹ ìbọn mọ́ nìyí. Ìbọn tí a fi ra ènìyàn ní etíkun di ohun èlò tí ẹni tí ó gbé e kò gbọdọ̀ fi ṣe ènìyàn ní ibi.

Ṣé ìmùlẹ̀ yìí kò ní ewu tirẹ̀? Ó ní. Ní 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá dìde nítorí owó orí tí ó wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Àgbẹ́kọ̀yà ni wọ́n ń pe ara wọn. Ṣakabùlà, àdá àti májẹ̀mú ni wọ́n mú lọ kojú ìbọn ìjọba. Ní 1969 wọ́n ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi ní Ìbàdàn, wọ́n sì tú àwọn ènìyàn wọn sílẹ̀. Ìjọba gbọ́ ẹkún wọn níkẹyìn, owó orí sì wálẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló ti lọ. Májẹ̀mú lè mú kí ènìyàn gbàgbé pé ọta kì í mọ ẹni tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ pọ̀ jù.

ÀWỌN ARÁ SWÍDÌN NÁÀ

Kí a má baà rò pé àwa nìkan ni ọkàn wa fà sí ìbọn àtijọ́, ẹ jẹ́ kí a padà sí ilẹ̀ Swídìn tí irin rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ wa ní ìgbà láéláé. Àwọn agégẹdú wa mọ orúkọ Husqvarna lára ẹ̀rọ ìgégi. Kì í ṣe gbogbo wọn ló mọ̀ pé ní 1689 ni ilé iṣẹ́ yẹn bẹ̀rẹ̀, ìbọn ni ó sì ń ṣe fún ọba. Ní 1894 àti 1896, Swídìn gba ìbọn kan tí àwọn Mauser ará Jámánì gbé kalẹ̀. Nígbà tí ó yá, Husqvarna àti ilé iṣẹ́ ìjọba tí ó wà ní Eskilstuna ń ṣe é nílé. Ìbọn yìí ní ọ̀pá irin kékeré kan tí a ń fi ọwọ́ gbé sókè, fà sẹ́yìn, tì síwájú, kí a tún tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, bí ìdènà irin tí a fi ń ti ilẹ̀kùn. Ìgbà tí a bá ṣe é tán ni ọta kan tó wọlé. A gbọ́dọ̀ tún un ṣe kí òmíràn tó wọlé.

Swídìn kò dá sí ogun àgbáyé kìíní àti èkejì. Nítorí bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn ìbọn náà kò rí wàhálà ogun, wọ́n sì wà ní pípé nígbà tí àwọn sójà jọ̀wọ́ wọn. Àwọn ọdẹ rà wọ́n, wọ́n gé igi wọn kúrú, wọ́n sọ wọ́n di ìbọn ìdẹ. Husqvarna náà ṣe ti ọdẹ lọ́tọ̀. Lónìí, àwọn ọdẹ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ṣì ń wá wọn kiri, bẹ́ẹ̀ ni ìbọn tuntun tí ó yára jù wọ́n lọ wà lórí àtẹ. Bí ẹ bá bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀, wọn yóò sọ pé irin rẹ̀ dára, igi rẹ̀ dára, a lè tún un ṣe, ó sì ń kọ́ ènìyàn ní sùúrù. Wọn yóò tún fi àwo idẹ róbótó kan hàn yín ní ìdí ìbọn sójà àtijọ́ náà. Àwọn tí ó ń tọ́jú ìbọn fún ìjọba ló fi àmì sí i lára, tí ó ń sọ bí inú ọ̀pá ìbọn náà ṣe rí. Ìtàn ìbọn wà lára ìbọn. Ǹjẹ́ kì í ṣe ohun tí ọdẹ Ìsẹ́yìn ń wí nìyẹn?

Ìmùlẹ̀ náà wà lọ́dọ̀ wọn, ìwé ni wọ́n fi ṣe tiwọn. Láti 1985, ẹni tí ó bá fẹ́ di ọdẹ ní Swídìn gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò kí ó tó gba àṣẹ ìbọn. Ìbọn kọ̀ọ̀kan ní ìwé àṣẹ tirẹ̀, inú àpótí irin tí a tì pa ni a sì gbọ́dọ̀ máa tọ́jú rẹ̀ sí. Ìlú tí ó fẹ́ràn ìbọn àtijọ́ tó bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀.

OHUN TÍ MAIDUGURI FI KỌ́ WA

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Sambisa tí orúkọ rẹ̀ ń dẹ́rù ba ọmọdé lónìí, igbó ọba tí a yà sọ́tọ̀ fún ẹranko ni tẹ́lẹ̀. Ní 1991 ni ìjọba àpapọ̀ dá ọgbà ẹranko Chad Basin sílẹ̀, apá kan rẹ̀ sì wà ní agbègbè yẹn. Àwọn ọdẹ Borno, àwọn tí Hausa ń pè ní maharba, mọ gbogbo ihò inú igbó náà. Nígbà tí wọ́n jí ọmọbìnrin 276 kó ní Chibok ní òru 14 oṣù Kẹrin 2014, nǹkan bí 500 ọdẹ ló pé jọ sí Maiduguri ní oṣù Karùn-ún. Arúgbó wà nínú wọn, ọ̀dọ́ wà nínú wọn. Ìbọn àgbẹ̀dẹ, ọ̀kọ̀ olóró, àdá àti ìfúnpá ni wọ́n mú dání, wọ́n ní kí a jẹ́ kí àwọn wọ igbó lọ wá àwọn ọmọ náà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, àwọn ọdẹ wà pẹ̀lú àwọn sójà nígbà tí wọ́n gba Mubi padà ní Adamawa.

Ẹ fi ohun tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀tá wé tiwọn. Ọdún 1949 ni ìjọba Rọ́ṣíà gba AK-47 fún àwọn sójà rẹ̀. Ọgbọ̀n ọta ló wà nínú àpò rẹ̀. Ọmọdé lè kọ́ ọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kò béèrè sùúrù. Ẹnikẹ́ni kò mọ ẹni tí ó lò ó kẹ́yìn, kò sì sí olúọdẹ tí ó ń bi í léèrè ohun tí ó fi ṣe. Àwọn tí ó ru ú wọ ìlú wa gbé agbára tí a ti yọ ohun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò lára rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ṣe, ojú gbogbo wa ló ṣe.

Kì í ṣe pé ẹni tí ó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa kò lè ṣìnà. Àwọn ọ̀dọ́ Civilian JTF tí wọ́n dìde ní Maiduguri ní 2013 gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là, a kò ní gbàgbé. Ṣùgbọ́n ọmọdé wọ inú wọn. Ní oṣù Kẹsàn-án 2017, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí UNICEF ṣe ẹlẹ́rìí sí, pé wọn kò ní gba ọmọdé sí iṣẹ́ náà mọ́. Ní oṣù Karùn-ún 2019, ọmọ 894 ni wọ́n jọ̀wọ́ ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Mo ka èyí sí ìmùlẹ̀ pàtàkì. Ẹgbẹ́ tí ó bá lè sọ pé “ọmọdé kò gbọdọ̀ gbé èyí” ṣì rántí ohun tí ọdẹ jẹ́.

ÌBỌN TÍ Ó WÀ LÁRA ÒGIRI WA

Ọ̀rọ̀ yìí kò ní pé bí a kò bá sọ ohun tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Òfin Ìbọn ti 1959 ṣì wà ní Nàìjíríà. Ó pín ìbọn sí ìsọ̀rí mẹ́ta: èyí tí aráàlú kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn rárá láìsí àṣẹ olórí orílẹ̀-èdè, èyí tí ènìyàn lè gba àṣẹ fún, bí ìbọn ìdẹ, àti ṣakabùlà pẹ̀lú gbogbo ìbọn tí a ń ki láti ẹnu. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí i: ìsọ̀rí kẹta náà ń fẹ́ ìwé àṣẹ. “Ti bàbá mi ni” kì í ṣe ìwé àṣẹ. Ní 2006, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí àdéhùn lórí ìbọn kéékèèké ní Àbújá, ìjọba sì ń fi ojú tí ó mú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ wo ọ̀rọ̀ ìbọn. Ní ìpínlẹ̀ bíi Borno, ìbọn tí kò níwèé lè sọ olóòótọ́ ènìyàn di afurasí láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ìmọ̀ràn mi fún àwọn ìdílé nìyí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ìbọn àtijọ́ láti ilé wá sí Maiduguri, ìbáà ṣe fún ọ̀ṣọ́. Bí ọ̀kan bá wà nílé, kí olórí ẹbí lọ sí ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá tí ó súnmọ́ ibẹ̀, kí ó béèrè ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gba ìwé rẹ̀ tàbí bí wọ́n ṣe lè jọ̀wọ́ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dán an wò. Ẹ̀tù tí wọ́n ti kì sínú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ lè ṣì wà níbẹ̀, páìpù tí ó ti dípẹtà sì lè bú mọ́ ẹni tí ó yìn ín lójú. Kí a má sì jẹ́ kí ọmọ fi ṣeré.

Ṣùgbọ́n kí a tó jọ̀wọ́ rẹ̀, tàbí kí a tó gbé e kọ́ padà, ẹ jẹ́ kí a ṣe ohun kan. Kí a pe àgbà tí ó kù nínú ilé, kí a bi í pé: ta ló kọ́kọ́ ra á? Alágbẹ̀dẹ wo ló tún un ṣe? Ẹran wo ló fi pa tí ó fi gba oríkì? Kí ni olúọdẹ ìgbà náà sọ fún un pé kò gbọdọ̀ ṣe? Kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí a kọ ọjọ́ àti orúkọ sí i. Bí irin náà bá lọ, ìwé yóò kù. Swídìn fi idẹ ṣe tiwọn. Yíǹkì àti bébà lè ṣe tiwa.

Ọmọ tí ó béèrè pé “kí ni ó dára lára èyí?” yóò wá rí ìdáhùn gbà. Ẹ sọ fún un pé ẹni tí ó ń gbé e máa ń ro nǹkan jinlẹ̀ kí ó tó fa apátí, pé ó mọ ẹni tí ó lè tún un ṣe, pé ó mọ ẹni tí ó gbé e ṣáájú rẹ̀, àti pé ó mọ ẹni tí yóò jíhìn fún. Ọmọ tí ó bá mọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìbọn èkejì tàn án wọ igbó.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìró ìbọn dópin ní Borno. Kí àwọn tí ó wà ní ìgbèkùn padà wálé. Kí ó jẹ́ ìlù àti orin ni a ó máa gbọ́ ní gbogbo òru ìlú yìí. Àmín àṣẹ.